Nọ́ọ̀sì Inú Ẹbí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́ Nídìí Ìkòkò Agbo

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́ tí a máa ń pariwo lé lórí ní ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó kan àwọn tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ, ó sì kan ìkòkò agbo tí ó wà lórí ààrò ní ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ wá lọ́kàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ni ó jẹ́ kí a pinnu pé a ó sọ ọ́ síta.

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ó lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ìsìnkú àna rẹ̀, ó sì padà sí Benin. Nígbà tí ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, orí ń fọ́ ọ, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún. Kí ni ẹnikẹ́ni nínú wa yóò pè é? Ibà ni. Ìyá àgbà inú ilé kó ewé àti èèpo igi sínú ìkòkò, ó se agbo fún un. Ó mu ún láàárọ̀, ó mu ún lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan yà wọ́n nígbà tí ó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀. Ó wọn bí ara rẹ̀ ti gbóná tó, ó rí i pé ó pọ̀. Ó fún un ní oògùn ibà, ó fi omi sí i lára, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò béèrè ibi tí ó rìn dé láìpẹ́. Kò ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sì sọ ohunkóhun nípa agbo.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó sáré gbé e. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Irrua, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ibà Lassa ni. A dúpẹ́ pé kò kú. Ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, apá ọ̀tún ni yóò dúró sí. Ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà àti nọ́ọ̀sì yẹn fi ọjọ́ 21 ṣọ́ ara wọn, wọ́n ń wọn bí ara wọn ti gbóná sí láàárọ̀ àti lálẹ́, oorun kò sì kun ẹnikẹ́ni nínú ilé náà títí ọjọ́ fi pé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, a pe ọmọbìnrin náà, a bi í léèrè. Kò jiyàn. Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ kẹta ni ọkàn mi ti sọ fún mi pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ṣùgbọ́n màmá àgbà ni wọ́n se agbo yẹn. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé e sọ nù, wọ́n á ní torí pé mo wọ aṣọ funfun ni mo ṣe ń fojú tẹ́ wọn. Ni mo bá fún wọn ní oògùn, mo bá dákẹ́." Àwa tí a pè é wo ara wa lójú. Ta ni ó kọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Àwa náà ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan kó yé ara wa. A kò sọ pé agbo ni ó di ọkùnrin náà létí. Ibà Lassa fúnra rẹ̀ a máa di àwọn ènìyàn létí, títí kan àwọn kan tí wọ́n tètè rí ìtọ́jú. Ohun tí ó dùn wá ni àwọn ọjọ́ tí ó kọjá tí kò sí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, nígbà tí ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń béèrè wà nínú ẹbí.

Àìsàn yìí kì í ṣe àlejò ní àgbègbè wa. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì wa gbọ́ èyí dáadáa: nọ́ọ̀sì ni àwọn tí a fi ìyà wọn mọ̀ ọ́n. Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lassa, ni ó kọ́kọ́ ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú síbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kó o lára rẹ̀, òun náà kú. Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì kẹta, kó o, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò náà.

Eku ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku a máa kan oúnjẹ tí a kò bò, gààrí tí a sá síta, ìrẹsì tí ó wà nínú àpò tí ó ya. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí kòkòrò yìí bá wọ̀ lára, bí i mẹ́jọ ni kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tó kù ni wàhálà. Nígbà tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, bí ibà lásán ni ó ń ṣe: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀, ọ̀fun dídùn. Kò sí àgbà tí ó lè fi ojú wò ó kí ó sọ pé èyí ni Lassa, èyí ni ibà ẹ̀fọn. Dókítà kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni aláàgbo. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò ni ó ń fọhùn. Ìpínlẹ̀ Edo àti ìpínlẹ̀ Ondo sì wà lára àwọn ibi tí ó ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà. Àwa tí a ń rìn láàárín Ọ̀wọ̀ àti Benin bí ẹni ń lọ láti yàrá sí pálọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà.

Ẹ jẹ́ kí a rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà kan tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tí ó bá ń ti Benin lọ sí Auchi yóò kọjá Ekpoma, yóò sì dé Irrua. Níbẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, tí ó ní ibùdó ìtọ́jú àti ìwádìí ibà Lassa. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní yàrá àyẹ̀wò tí ó lè dá Lassa mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìwádìí Bernhard Nocht ti ìlú Hamburg ní Jámánì. Bí ẹ bá tún wakọ̀ síwájú díẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Esan Central kan náà, ẹ ó dé Ewu. Ní Ewu ni àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ní ilé ìsìn wọn sí, ibẹ̀ sì ni Fadá Anselm Adodo ti dá iléeṣẹ́ Pax Herbal sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ewé àti egbò ni wọ́n fi ń ṣe oògùn wọn, wọ́n ń dì í sínú ìgò àti páálí, ó sì ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ wo bí Ọlọ́run ti ṣe é: ilé tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò àti ilé tí wọ́n ti ń fi ewé ṣe oògùn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé òun yóò ba ọ̀kan jẹ́ kí òun lè gbé èkejì ga, kò mọ ìlú yìí. Àwa Yorùbá ní elégbòogi, àwọn Ẹdó onílé wa ní àwọn obo tiwọn, a jọ ń ra ewé ní ọjà kan náà ni. Agbo ni ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà. A kò ní bú agbo nínú ìwé yìí. Ohun tí a fẹ́ ni kí a máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí a ti ń bi gbogbo ohun tí a ń fi sí ẹnu.

Ewé tí ó bá dára kì í sá fún ìbéèrè. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìwé àtijọ́ kan tí ó ti lé ní 1,600 ọdún sọ nípa ewé kan tí wọ́n ń lò fún ibà. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Tu Youyou àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú ewé náà, wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Inú rẹ̀ ni oògùn artemisinin ti jáde. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi irú oògùn tí ó ní i nínú ṣe oògùn ibà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ lò, obìnrin náà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Àlùfáà kan, Ogunyale, ní ilẹ̀ Yorùbá, ní oògùn ìdílé kan fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó gbé e fún NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, ní àwọn ọdún 1990. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Iyeré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà, ohun tí ìyálọ́jà ń tà ní ọjà wa. Àwọn onímọ̀ kó ènìyàn 82 tí wọ́n ní àìsàn náà jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn náà, wọ́n fún àwọn kan ní ohun tí ó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń mu, ẹni tí ó ń fún un kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2001, ó hàn pé ìrora ńlá tí ó máa ń kì wọ́n mọ́lẹ̀ dín kù nígbà tí wọ́n bá ń mu oògùn náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Iléeṣẹ́ tí ó gbà á ṣe wọ gbèsè, ó wó ní 2008. Ọ̀rọ̀ owó ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́, àyẹ̀wò kò ba agbo ìdílé Ogunyale jẹ́, ńṣe ni ó gbé e níyì.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé "kí ni ó wà nínú agbo yìí, ta ni ó ti dán an wò, mélòó ni ó yẹ kí a mu?", kò bú ẹnikẹ́ni. Irú ìbéèrè tí ó sọ ewé Ṣáínà di oògùn àgbáyé ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi nọ́ńbà NAFDAC dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Wọ́n á ní ìjọba ti fọwọ́ sí i. Ẹ yí ìgò náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ewé tí NAFDAC kàn fi sínú ìwé rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba wo bóyá kò léwu láti mu, kò tíì jẹ́rìí pé ó ń wo àrùn tí wọ́n ní ó ń wò. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí ó là á yé ìyá àgbà. Agbo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń gbé kiri ní gáréèjì kò tilẹ̀ ní ìwé kankan lára.

Bí àwọn kan bá wá ń rẹ́rìn-ín pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni a ń gba ohun tí a kò dán wò gbọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà fún yín. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì kan ní yunifásítì New York, Dolores Krieger, pẹ̀lú Dora Kunz, bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn kan. Wọ́n ní agbára kan yí ara ènìyàn ká, àti pé nọ́ọ̀sì lè na ọwọ́ sí òkè ara aláìsàn láìfọwọ́ kàn án, kí ó fi ọwọ́ tún agbára náà ṣe, kí ara sì yá. Ó tàn kálẹ̀. Ilé ìwòsàn gbà á, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń kọ́ni ní i, àwọn tí wọ́n kàwé dáadáa ń ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè kan tí ó rọrùn: ǹjẹ́ nọ́ọ̀sì lè mọ̀ ọ́n lára lóòótọ́ pé ọwọ́ ènìyàn wà nítòsí?

Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, Emily Rosa, ni ó béèrè. Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó fi páálí dínà láàárín òun àti oníwòsàn náà, oníwòsàn na ọwọ́ méjèèjì gba abẹ́ rẹ̀, kò lè rí ohun tí ó wà lódìkejì. Emily ju owó ẹyọ sókè láti mọ ọwọ́ tí òun yóò lò, ó wá na ọwọ́ tirẹ̀ sí òkè ọ̀kan nínú ọwọ́ oníwòsàn, láìfọwọ́ kàn án. Ó ní, "Èwo ni?" Oníwòsàn 21 ni ó dán wò, ìgbà 280 ni ó béèrè. Ìgbà 123 péré ni wọ́n gbà á. Ẹni tí ó bá kàn ń méfò pàápàá yóò gbà á ní bí ìgbà 140. Ní oṣù kẹrin ọdún 1998, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ náà jáde nígbà tí Emily di ọmọ ọdún 11. Páálí kan, owó ẹyọ kan àti ọmọdé tí kò bẹ̀rù láti béèrè ni ó fi hàn pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ pé àwọn ń mọ̀ lára, wọn kò mọ̀ ọ́n.

A kò sọ ìtàn yìí kí ọmọdé lè máa fojú di àgbà. A sọ ọ́ kí àgbà lè mọ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìbéèrè yìí kò sì gbọdọ̀ mọ sí orí agbo nìkan. Oògùn inú ìgò olóyìnbó náà ti pa ènìyàn rí. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí ń jẹ́ My Pikin jáde pẹ̀lú májèlé nínú rẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bàjẹ́, ó kéré tán ọmọ 84 ni ó bá a lọ. Ó ní páálí, ó ní orúkọ, ó wà ní ilé ìtajà oògùn. Àwọn tí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kò tọ̀ mọ́, tí wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n mu, ni ó jẹ́ kí àṣírí tú.

Kódà oògùn tí wọ́n ń lò fún ibà Lassa kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Ribavirin ni orúkọ rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone, tí wọ́n gbé jáde ní 1986, ni ó sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ jù fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tí àìsàn dé. Láti ìgbà náà ni a ti ń lò ó. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ ti padà lọ yẹ ìwádìí náà wò, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bí a ti rò, ó yẹ kí a tún un dán wò. Ẹ rí i? Wọn kò bínú pé ẹnì kan ń bi oògùn àwọn léèrè. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ tí ó ń jẹ́ kí a yẹ òun wò ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, kò sí ẹni tí ó sọ pé kí aláìsàn jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Kí a tètè mọ̀ ọ́n, kí a tètè yà á sọ́tọ̀, kí a tètè tọ́jú kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí kò ní àríyànjiyàn nínú.

A mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kì í sá lọ sídìí agbo láìnídìí. Ilé ìwòsàn wọ́n. Ènìyàn yóò tò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Nígbà mìíràn ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ó bá a pé wọ́n ń yanṣẹ́ lódì, bí àwọn nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe ní ìparí oṣù keje ọdún 2025 nítorí owó oṣù àti àìtó òṣìṣẹ́, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi pátápátá. Àwọn kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa náà, ẹnu wọn mú. Aláìsàn bá ní òun mu agbo, wọ́n á gbó o mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èrò. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn tí ó wà lórí ìlà yóò purọ́ pé òun kò mu nǹkan kan. Irọ́ yẹn léwu ju agbo lọ, nítorí oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un lè máà bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu.

Ọ̀nà kejì tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣìnà ni owó. Owó oṣù kò tó, ni àwọn kan bá ń ta àgúnmu inú ike àti tíì tí wọ́n ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ àti àìrọ́mọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń tà á. Ẹni tí ó rà á kò ra àgúnmu, ó ra ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ní nínú nọ́ọ̀sì. Bí ó bá wá tìtorí rẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ta ni yóò dáhùn?

Àwọn ọmọ wa tí ojú wọn ti wà lókè òkun, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà kéde pé ẹni tí yóò gba ìwé ẹ̀rí lọ sí òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ. Ariwo pọ̀ nígbà náà. Bí ẹ bá sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán, ìlànà tí ìgbìmọ̀ wọn gbé jáde ní 2015 sọ pé ìmọ̀ràn tí nọ́ọ̀sì bá fún ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lẹ́yìn, títí kan ìmọ̀ràn lórí ohun tí wọ́n ń tà fún ìlera. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti ń béèrè ẹ̀rí ní Benin, kò ní ṣàdédé kọ́ ọ ní London. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí ni a wá ń fẹ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín fún. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: "Kí ni ẹ ti mu kí ẹ tó dé ibí?" Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ti ń kọ oògùn òyìnbó sílẹ̀. Èkejì, bí ara ẹnikẹ́ni bá ń gbóná, ẹ bi í ibi tí ó rìn dé, kí ẹ sì sọ fún ẹbí pé kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì tíì balẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ó ti ń lo oògùn ibà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn ilé di ọjọ́ kẹta. Ẹkẹta, ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ó sọ pé òun kò mọ̀ ni yóò wádìí.

Ẹ̀yin aláàgbo wa, ẹ kò ṣe ọ̀tá wa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ra agbo mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi oògùn òyìnbó lọ̀ mọ́ ọn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ wú, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ má ṣe gba owó rẹ̀. Ẹ ní kí ó máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, apá ti ẹ̀yin ni ó tóbi jù. Ẹ ta ilẹ̀, ẹ dá èsúsú, ẹ rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ wọ aṣọ ẹbí, ẹ sì jó. Ọjọ́ tí ó wá fẹ́ lo ohun tí ẹ fi owó yín rà fún un, ẹ ní kí ó dákẹ́, pé ọmọ àná ni. Ìyá àgbà tí ó se agbo fún káfíńtà wa ni ó kọ́kọ́ yí padà nínú gbogbo wa. Nígbà tí ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbóná ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó ti gbé omi kaná fún agbo, ni ó bá dúró, ó ní kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì náà wá. Ó ní, "Wá bi mí ní ìbéèrè tí o kò bi mí nígbà yẹn." Wọ́n gbé ọmọ náà lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ẹ̀fọn ni, ó mu oògùn, ara rẹ̀ sì yá.

Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, a ó fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n wà láàárín wa ní àyè láti bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀ lórí ibà Lassa, eku inú ilé àti agbo, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Kí àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ ewé náà wá, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹ bo gààrí yín, ẹ dí ihò eku ilé yín. Ọlọ́run kò ní fi àìsàn dán wa wò o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi.